Ọ̀la: Ìfẹ́ Inú ni tàbí Gbèsè?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn ènìyàn kan fi ń wo ọ̀la, kí ó fetí sí bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ohun tí kò tíì dé. Láyé àtijọ́, ohun tí 'will' túmọ̀ sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ènìyàn fẹ́ nǹkan. 'Shall' sì ni kí ènìyàn jẹ gbèsè. Lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ ti da méjèèjì pọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ń dájọ́ ohun tí ń bọ̀ kí ó tó dé. 'Forthcoming' ni wọ́n ń pe ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ jáde. 'Impending' ni wọ́n sábà máa ń pe ewu, nítorí pé ọ̀rọ̀ Látìn tí ó ti wá túmọ̀ sí ohun tí ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ síni lórí. Àwa náà ní 'kù sí dẹ̀dẹ̀', ṣùgbọ́n bí ogun ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọdún náà ń kù sí dẹ̀dẹ̀.

Inú ìwé òfin ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Abala 14 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 lo 'shall' láti sọ pé ààbò àti ire aráàlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'yóò jẹ́', ó lè dún bí àsọtẹ́lẹ̀ lásán; bí a bá ní 'gbọ́dọ̀ jẹ́', gbèsè ni. Lédè òfin, èkejì ni ó sábà máa ń jẹ́. Síbẹ̀, abala 6 ìwé kan náà kò jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ lórí Orí Kejì tí ọ̀rọ̀ yìí wà, àyàfi bí òfin náà bá sọ ọ́ lọ́tọ̀ níbòmíràn. A kọ gbèsè sílẹ̀ tán, a wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí a jẹ lówó.

Ǹjẹ́ gbèsè tí a kò lè pe ẹjọ́ lé lórí ṣì jẹ́ gbèsè? Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ nìkan kọ́ ni ó ń mú ọmọlúwàbí san ohun tí ó jẹ. Ìtìjú náà ń mú un san án. Ṣùgbọ́n kò sí bí ojú yóò ṣe ti onígbèsè tí ẹnikẹ́ni kò rán létí.

Nítorí náà, bí olóṣèlú bá dúró níwájú wa tí ó ní, 'A ó ṣe é,' ẹ jẹ́ kí a bi í: ṣé ìfẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń sọ, àbí gbèsè ni ó ń jẹ́wọ́? 'Ó' àti 'yóò' tiwa kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwa tí a ń gbọ́ ni kí a yà wọ́n.