Básíláì, Kálẹ́bù, àti Oúnjẹ Tí Kò Wu Àgbà Jẹ Mọ́

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Sámúẹ́lì 19:31–39, Jóṣúà 14:6–13



Ìwé Mímọ́ sọ ti àgbà méjì fún wa tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà sí ara wọn. Básíláì ará Gílíádì jẹ́ ẹni ọdún 80 nígbà tí Dáfídì ọba pè é pé kí ó wá máa bá òun jẹun ní Jerúsálẹ́mù. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó bẹ ọba kí ó dá òun sí, nítorí pé òun kò mọ adùn ohun tí òun ń jẹ tàbí èyí tí òun ń mu mọ́. Kálẹ́bù ní tirẹ̀ ti di ẹni ọdún 85 nígbà tí ó tọ Jóṣúà lọ pé kí ó fún òun ní ilẹ̀ olókè níbi tí àwọn òmìrán wà. Ó ní bí agbára òun ti rí ní ọmọ 40 ọdún, nígbà tí Mósè rán òun lọ ṣe amí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí síbẹ̀. Àwa Yorùbá a máa wí pé bí ara bá ń dàgbà, a máa ń yé ogun jà. Kálẹ́bù kò gbọ́ òwe náà.

Èmi kò ní dá Básíláì lẹ́bi. Òtítọ́ ni ó sọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, imú kì í gbọ́ òórùn ọbẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, eyín a dín, inú kì í tètè da oúnjẹ, àgbà a sì yó kí ó tó jẹ ìdajì àwo rẹ̀. Oògùn mìíràn tí a ń lò a máa ba ẹnu jẹ́. Pẹ̀lú èyí, iṣan ara ń dín kù: láti nǹkan bí ọmọ 30 ọdún, 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ń lọ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn 60 ọdún. Ọ̀rá a máa gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi lè sọ fún ẹnì kan pé bí ó ti rí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ó ṣì rí, tí kò sì lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa, àwa tí a wá ṣiṣẹ́ ajé ní òkè Ọya níhìn-ín. Oníṣòwò jókòó sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó ń gbé ọjà wá, òun náà ni ó ń lọ ra oúnjẹ. Akọ̀wé jókòó ti fáìlì. Ní 1956, Jean Mayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọkùnrin 213 ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń hun okùn àpò ní Ìwọ̀-Oòrùn Bengal, ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ líle jẹun púpọ̀, wọn kò sì sanra. Ẹnikẹ́ni ìbá retí pé kí àwọn tí ń jókòó jẹun díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò inú ìsọ̀ àti àwọn akọ̀wé jẹun ju àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, àwọn ni wọ́n sì sanra jù. Ara tí kò ṣe nǹkan kan kò mọ ìwọ̀n ebi rẹ̀ mọ́. Ìwádìí kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó bá wí.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí ó fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan sin ìjọba fún ọdún 35, ó gba ìwé ìfẹ̀yìntì, àwọn ọmọ sì ní, “Bàbá, ẹ jókòó, ẹ ti ṣe tiyín.” Wọ́n gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn. Bí Màmá bá fẹ́ rìn dé ìsọ̀ aláta, wọ́n á ní kí a má baà sọ pé àwọn kò tọ́jú ìyá àwọn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é, wọn kò sì ní ibi nínú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò rìn a rọ, ara tí kò ṣiṣẹ́ kì í béèrè oúnjẹ. Lẹ́yìn ọdún kan ìyàn á máa padà sí ilé ìdáná bí a ti gbé e wá, aṣọ á máa tú lọ́rùn Bàbá, àwọn ará ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ayé ti ń ṣe é. Nígbà mìíràn wọ́n á nawọ́ sí obìnrin àgbà kan nínú ẹbí. Ẹ̀yin ará, ìdílé a máa tú lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, nígbà tí ó jẹ́ pé àga ni ó pa ebi Bàbá.

Kí a má sì rò pé oúnjẹ afáralókun inú agolo nìkan ni yóò gbà á là. Ní Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a dán an wò láàárín àwọn arúgbó 100 tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú. Ọjọ́ orí wọn jẹ́ 87 ní ìpíndọ́gba, a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1994. A fún àwọn kan ní ohun mímu afáralókun láìsí eré ìdárayá: wọ́n dín oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ kù, agbára wọn kò sì pọ̀ sí i. Àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ohun wíwúwo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, agbára wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ṣe é, tí wọ́n sì mu ohun mímu náà, nìkan ni àpapọ̀ oúnjẹ wọn pọ̀ sí i ní tòótọ́.

Ẹnìkan lè wí pé Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì pé èrè eré ìdárayá kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwà-bí-Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú ẹ̀yin oníṣòwò ni í ju èrè kékeré nù?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2020 dámọ̀ràn ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìrìn tàbí iṣẹ́ tí ó mú ara gbóná díẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán; ẹni tí ó ti lé ní 65 yóò fi ìdúró ṣinṣin kọ́ra ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ó má baà máa ṣubú. Ìrìn ìdajì wákàtí ní àárọ̀, kí oòrùn ìhín tó mú, ní ọjọ́ márùn-ún, ti pé 150. Ẹ dìde lórí àga, kí ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìfi ọwọ́ tì í bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí Màmá gbálẹ̀ yàrá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ líle lè má rí oúnjẹ jẹ lójú ẹsẹ̀. Kí ó sinmi, ebi yóò dé. Kí ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tàbí wàrà wà nínú oúnjẹ náà, kì í ṣe tùwó nìkan. Ẹni tí ó sanra jù kò gbọ́dọ̀ rò pé ìrìn nìkan yóò fà á rù: kí ó dín oúnjẹ kù pẹ̀lú. Bí ó bá sì dín oúnjẹ kù láìṣe eré ìdárayá, iṣan ni yóò bá ọ̀rá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí ó ní àrùn ọkàn, kí ó rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àgbà tí ó wọn kílò 80 bá sì sọ kílò mẹ́rin nù láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìmọ̀ọ́mọ̀, ẹ má ṣe dúró de ìrìn tàbí ìran. Àtọ̀gbẹ lè wà níbẹ̀, tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí jẹjẹrẹ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Mo sì fẹ́ kí ẹ tún ka orí náà ní ilé, nítorí a máa ń gbàgbé ìyókù ìtàn Básíláì. Bàbá ẹni 80 ọdún yìí, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ti sọ̀ kalẹ̀ láti Rógélímù wá sin ọba. Ó bá a kọjá odò Jọ́dánì, Dáfídì fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, Básíláì sì padà sí ilé rẹ̀.