Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ọ̀gá Dákẹ́ Nígbà tí Ó Ń Wọn Ilé?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ óò di òṣìṣẹ́ lọ́la, ọ̀ràn kan wà tí a fẹ́ fi síwájú yín kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀gá kan bá ń rò bóyá kí òun ṣí ibi iṣẹ́ kúrò níbi tí ó wà, tàbí kí òun dín àyè rẹ̀ kù, tí kò sì tíì pinnu, ǹjẹ́ ó jẹ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní gbèsè ọ̀rọ̀ kankan? Tàbí ó lè pa ẹnu mọ́ títí ìpinnu yóò fi dé?

Àwa fúnra wa ti wà nínú irú ìdúró bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìlú kan tí a ti ṣiṣẹ́ kí a tó wá sí Imeri, àwọn ọkùnrin mẹ́ta dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Wọ́n wọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wọn ilé tí a ń gbé, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n kí wa pé a kú iṣẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Láti ọjọ́ náà ni aya wa kò ti fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́, nítorí ta ni yóò kọ ebè tí ẹlòmíràn yóò wa iṣu rẹ̀? Aṣọ ilé ìwé ọmọ ya, a ní kí ó máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bóyá aṣọ ilé ìwé mìíràn ni yóò máa wọ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Ọdún yípo. Ẹnikẹ́ni kò ṣí wa nípò. Ilé náà wà bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ọjà ni a ti ra iṣu jẹ ní ọdún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tí ó bá sì mọ iye owó oṣù kátíkíìsì yóò mọ ohun tí a ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn tí ó tóbi ju tiwa lọ. Ní oṣù Kíní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé olú ilé iṣẹ́ wọn ní Àbújá ti kún ju bí ó ti yẹ lọ. Ènìyàn 2,700 ni a ṣe é fún, 4,233 ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà 1,533 yóò kúrò, àwọn kan sí ilé mìíràn ní Àbújá, àwọn kan sí Èkó, àwọn kan sí àwọn ẹ̀ka tí òṣìṣẹ́ kò pọ̀ tó. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè yọ iye kan kúrò nínú èkejì kí ó sì rí i pé ìṣirò náà pé. Púpọ̀ nínú ariwo tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti ìhà Àríwá àti ìhà Gúúsù, a kò sì ní dá sí i níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé iye kì í ṣe orúkọ. Bí a bá sọ fún ènìyàn 4,233 pé 1,533 nínú wọn yóò lọ, títí orúkọ yóò fi jáde, kì í ṣe àwọn tí yóò lọ nìkan ni oorun ń dá lójú, gbogbo wọn ni. Ọ̀gá ń ka àga. Òṣìṣẹ́ ń ka owó ilé tí ó ti san, àti ilé ìwé ọmọ, àti ìyá arúgbó tí kò ṣe é gbé rìn.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀gá tí ó bá sọ èrò rẹ̀ kí ó tó pinnu lè da ọkàn ènìyàn rú lásán; àwọn tí ó mọ iṣẹ́ jù lè sá lọ; bí èrò náà bá sì yípadà, a óò pè é ní òpùrọ́. A kò rọ́ èyí sẹ́yìn, òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí okùn ìwọ̀n bá ti jáde ni ìdákẹ́jẹ́ náà ti di ọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀gá kò bá sọ, ẹni tí ń gbálẹ̀ àti ẹni tí ń wa ọkọ̀ yóò bá a sọ ọ́.

Sísọ nìkan kò sì tó. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, oṣù kan náà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa sílẹ̀, ìjọba Murtala Muhammed kéde, lẹ́yìn ìwádìí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà ọmọ Àkúrẹ́, pé olú ìlú yóò kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba tó kó lọ. Akọ̀wé tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà ìkéde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́rìndínláàádọ́ta nígbà náà. Ó mọ ibi tí òun ń lọ. Kò mọ ìgbà. Ṣé kí ó parí ilé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ni, àbí kí ó fi í sílẹ̀? Nígbà tí a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Èkìtì ń ti Àkúrẹ́ kó lọ sí Adó-Èkìtì, ìrìn náà kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń lọ lè di ẹrù rẹ̀.

Èrò wa ni pé ọ̀gá kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdánilójú tí òun fúnra rẹ̀ kò ní. Ó jẹ ẹ́ ní gbèsè kí ó sọ ohun tí òun ń rò, kí ó sọ ohun tí òun kò tíì mọ̀, kí ó sì dá ọjọ́ tí òun yóò tún sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yìí ni ó wúwo jù. Owó oṣù ra iṣẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́. Kò ra àkókò gbígbìn rẹ̀. (Olùkọ́ tí ó bá sì torí pé òun ń retí ìṣípòpadà sùn lórí tábìlì nínú kíláàsì, kí ó má ṣe pè wá ní ẹlẹ́rìí.)

A ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá bí ẹni pé àwa kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Níhìn-ín ní Imeri, láìpẹ́ yìí, àwa àti àwọn mélòó kan ń gbìmọ̀ láti da kíláàsì méjì pọ̀ sínú yàrá kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń wo ojú olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí ọ̀ràn náà kàn, tí a kò wí nǹkan, a ní kò tíì tó sísọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wá bá wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n kọ ebè lẹ́yìn ilé ni, àbí kí n má kọ ọ́?”

Ojú tì wá. A sọ fún un pé a ń rò ó láti da kíláàsì pọ̀, pé a kò mọ olùkọ́ tí yóò lọ, àti pé bí ó ti wù kí ó rí, yóò gbọ́ láti ẹnu wa kí oṣù Kejì tó parí. Ó dúpẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì a rí i lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọkọ́. Ogún ebè ni ó kọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.