Ṣé Òótọ́ Lè Purọ́?

Ní Ìjẹ̀gùn níbí, kò sí onímọ́tò tí kò mọ bí eruku àti ẹrẹ̀ ṣe ń fojú ọkọ̀ rí màbo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ceramic coating fi tètè ń wọ̀ wá létí. Nǹkan olómi kan ni, tí wọ́n ń fi pa ọkọ̀ lára kó lè máa dán. Wọ́n á ní líle rẹ̀ dé 9H.

9H yìí kì í ṣe irọ́. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń yẹ ọ̀dà wò: wọ́n á fi èyí tó rọ̀ ha á, títí dé orí èyí tó le jù, ìyẹn 9H. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n mìíràn wà, ti Friedrich Mohs ará Jámánì, tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta. Níbẹ̀, dáyámọ́ńdì ni 10. Oníbàárà gbọ́ 9, ó rántí dáyámọ́ńdì. Ọlọ́jà rí i pé ó ti ṣì í gbọ́, ó sì dákẹ́.

Ta ló wá purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Àwọn kan á ní kò sẹ́ni tó purọ́, olówó ni kò béèrè. Èmi ò gbà. Ẹni tó mọ̀ pé òótọ́ òun ń bí irọ́ sọ́kàn ẹlòmíì, tó tún ń gbowó lórí irọ́ ọ̀hún, òun ló lọmọ.

Ká má purọ́ mọ́ ọjà náà o. Omi kì í dúró lára ọkọ̀ tí wọ́n bá fi pa, fífọ̀ rẹ̀ sì máa ń rọrùn. Àmọ́ kò nípọn tó fọ́nrán irun kan ṣoṣo. Òkúta tó bá ta lábẹ́ táyà ọkọ̀ iwájú ṣì máa dá ọgbẹ́ sí i lára. Púpọ̀ nínú dídán ọjọ́ àkọ́kọ́ pàápàá, pọ́líìṣì tí wọ́n kọ́kọ́ fi bó ojú ọ̀dà ló ṣe é.

Nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, a kì í gba "ó ti ṣiṣẹ́" lẹ́nu èèyàn lásán. A máa ń dán an wò pẹ̀lú àtúnṣe náà, ká tún dán an wò láìsí i. Ẹ ní kí wọ́n fi pa ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ máa fọ gbogbo rẹ̀ bákan náà fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tọ́jà rẹ̀ bá dáa ò ní bínú.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àfikún tèmi ni pé nígbà míì, òtítọ́ gan-an lewé tí wọ́n fi pọ́n èké náà kó tó dọ́jà.