ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ṢÉ IRỌ́ NI KÍ A YÍ "SLOW" SÓKÈ?

  

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 139:23-24

Mo ní ìbéèrè kan fún yín lárọ̀ yìí. Ẹnì kan fẹ́ ta Volkswagen àtijọ́ rẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó lọ́dún 1975. Mọ́tò náà ń sáré dáadáa lójú títì. Àmọ́ tó bá ti dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ṣe ló máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, bíi pé ó fẹ́ kú. Ó ní kí mẹkáníìkì bá òun yí "slow" sókè díẹ̀. Wọ́n yí sìkúrúù kàbúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì sáré sí i, gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Ẹni tó fẹ́ rà á dé, ó gbọ́ ohùn mọ́tò, ó sanwó. Kò béèrè, ẹni tó tà á náà kò sọ. Ṣé ó parọ́?

Ẹlòmíì á ní, "Kò parọ́, kò sáà sọ nǹkan kan." Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an.

Tí mọ́tò bá dúró, atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà kéré, epo tó ń mu náà kéré, ihò tín-ín-rín kan nínú kàbúrétọ̀ ni epo ọ̀hún ń gbà. Tí ìdọ̀tí bá dí ihò yẹn, tàbí tí gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ kàbúrétọ̀ bá sán tí atẹ́gùn ń jò wọlé, wàhálà dé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹná, atẹ́gùn á wọlé rẹpẹtẹ, èyí tó ń jò yẹn á wá dà bí ẹ̀kán omi nínú agbada. Àlébù ò lọ o. Ariwo ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í fi í kọ́kọ́ fọwọ́ kan sìkúrúù. Á yọ plọ́ọ̀gì wò: tó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù; tó bá funfun, epo kéré jù. Á yẹ kọ́ńtáàtì wò bóyá ó ti jó. Á fín omi díẹ̀ sí etí gáskẹ́ẹ̀tì. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe é, torí ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ó yá, ìdáhùn mi rèé: irọ́ ni. Ẹnu nìkan kọ́ la fi ń parọ́. Gbígbọ̀n yẹn ni mọ́tò fi ń sọ òótọ́. Ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́ ti jẹ́rìí èké.

"Ajíhìnrere, tó bá fẹ́ kú sórí Third Mainland Bridge lóru ńkọ́?" Ẹ yí i sókè, kẹ́ ẹ délé láyọ̀! Kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá sọ ohun tí a fi délé di ìwòsàn. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ẹlòmíì nínú wa, iṣẹ́ ìsìn ló fi yí "slow" tiẹ̀ sókè. Òní ìpàdé akọrin, ọ̀la ìṣọ́ òru. Kò fẹ́ dúró jẹ́ẹ́, torí tó bá dúró, ìbínú tó ní sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jí. Mọ́tò tí "slow" rẹ̀ ga jù, ẹ lè yí kọ́kọ́rọ́ pa kó ṣì máa jà pìtì-pìtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni irú ẹni yìí: ó pa iná yàrá, oorun ò wá.

Dáfídì kò bẹ Ọlọ́run pé kó bo òun. Ó ní kí Ó yẹ inú òun wò.

Lónìí, ẹ pa fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tó bá gbọ̀n nínú yín, ẹ má bò ó. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé gbèsè ni? Ṣé ẹni tí ẹ ò tíì dárí jì ni? Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ta ohun tó lálèébù fún ẹnìkan láìsọ, ẹ pè é kí ilẹ̀ tó ṣú.

ÀDÚRÀ: Olúwa, fi ibi tó ń jò nínú mi hàn mí, kí O sì fún mi ní ìgboyà láti tún un ṣe. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ á dára fún wa o.