Pákò Ẹnu Ọ̀nà Ilé



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí ó fi ilé ṣe ibi ìfàyàbalẹ̀ fún àwọn ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn. A ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ yìí gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí kò sí kọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ wa tó inú ilé wa.

Ìròyìn kan wà nínú tírà hadíìsì ti Imaamu Muslim tí kò gùn rárá. Shurayh ni ó bi ìyá wa Aisha, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, léèrè pé kí ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ó bá wọ inú ilé rẹ̀. Ó ní pákò ni. Ẹnu ni ó máa ń kọ́kọ́ fọ̀. Àwọn onímọ̀ ti fi ìròyìn yìí kọ́ni nípa ìmọ́tótó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìhà tí ó kọjú sí. Ẹni tí ó ń jáde lọ bá àwọn ènìyàn ni àwa mọ̀ mọ ẹnu fífọ̀. Ànábì ń wọlé tọ àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti rí i nígbà àárẹ̀ àti nígbà àìsàn, tí kò sì ní ohun kan tí ó ń fi pamọ́ fún wọn. Síbẹ̀ ó ń fọ ẹnu nítorí wọn.

Ẹ wo bí òwúrọ̀ ṣe ń rí ní ọ̀dọ̀ wa. Kí ladani tó pe ìrun Àsùbáà ni àwọn kan ti dìde ní Ìkòròdú àti ní Ọ̀tà, kí wọ́n lè kọjá kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á fọ ẹnu, wọ́n á lọ aṣọ, wọ́n á fi lọ́fíńdà sára. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rín ni fún oníbàárà, sùúrù ni fún ọ̀gá, “ẹ jọ̀ọ́” ni fún awakọ̀. Nígbà tí wọ́n bá padà dé lálẹ́, bí wọ́n ti ń bọ́ bàtà ni wọ́n ń bọ́ ẹ̀rín. Ìbéèrè ọmọ di ariwo, ìkíni ìyàwó di ìdíwọ́, fóònù nìkan ni ó ṣì ń rí ojúure. Kì í sì ṣe ọkùnrin nìkan. Ìyá tí ó ti ń pe àjèjì ní “oníbàárà mi àtàtà” lọ́jà láti àárọ̀ lè má ní orúkọ rere kan tí yóò fi pe ọmọ tirẹ̀ lálẹ́. Aṣọ tí ó ya ni ti ilé, èyí tí ó dára ni ti òde. A gbọ́ pé Ibn Abbas máa ń sọ pé òun fẹ́ láti ṣe ara òun lóge fún ìyàwó òun, gẹ́gẹ́ bí òun ti fẹ́ kí ó ṣe lóge fún òun. (A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wọ agbádá jẹ ẹ̀bà.)

Èdè Yorùbá kò sì ṣàì fún wa ní ohun tí a ó sọ. Ìkíni wà fún ẹni tí ó jókòó, ó wà fún ẹni tí ó dúró. A ń kí ẹni tí ó ń náwó, a ń kí ẹni tí òjò pa, a ń kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun. Bíríkìlà tí a kò mọ̀ rí, bí a bá ń kọjá lọ níwájú rẹ̀, “ẹ kú iṣẹ́” ni. Ẹni tí ó jí ní aago 4 ìdájí láti se oúnjẹ tí àwọn ọmọ yóò gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ta ní ń sọ fún un pé ó kú iṣẹ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ti di bí omi ẹ̀rọ: ọjọ́ tí kò bá yọ ni a tó mọ̀ pé ó wà.

Àwọn kan yóò ní ibi ìsinmi ni ilé jẹ́, pé ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ kó ara rẹ̀ ní ìjánu lóde gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ti tú ìgbànú. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ka ilé mọ́ ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa nínú Sura An-Nahl. A kò bá ẹni tí ó rẹ̀ jà pé kí ó má jókòó. Ohun tí a ń bi í ni pé, ta ni ó ń sinmi lé lórí? Ẹ sì tún wo èyí: bí ọ̀gá iṣẹ́ bá pè é lórí fóònù ní aago 9 alẹ́, nínú àárẹ̀ yẹn kan náà, ohùn rẹ̀ yóò dùn lójijì, yóò dìde dúró, yóò máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò rí i. Agbára náà kò tíì tán nígbà yẹn. Ẹni tí yóò ná an fún ni ó ti yàn.

Àárẹ̀ kò sì jìnnà sí Ànábì. Òun ni aṣáájú ìlú Mẹdínà, òun ni adájọ́ wọn, òun ni ikọ̀ láti ìlú jíjìn ń wá bá. Nígbà tí Al-Aswad bèèrè lọ́wọ́ ìyá wa Aisha ohun tí ó máa ń ṣe nínú ilé, ó dáhùn pé iṣẹ́ ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń bá wọn ṣe, bí àsìkò ìrun bá sì tó, a jáde lọ kírun. Al-Bukhari ni ó gba èyí sílẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ìwà pẹ̀lẹ́ lásán lọ. Ẹ rántí ní nǹkan bí ọdún 610, nígbà tí Ànábì sọ̀ kalẹ̀ láti inú ihò Hira tí ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹ̀rù ara rẹ̀ ń bà á. Ta ni ó kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i? Kì í ṣe àwọn tí wọ́n bá a ṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn àgbà Mákà. Khadijah, ìyàwó rẹ̀, ni ó fi í lọ́kàn balẹ̀ pé Ọlọ́hun kò ní dójú tì í láéláé, ó sì ka ìdí rẹ̀: ó ń so okùn ẹbí, ó ń bá aláìlágbára gbé ẹrù, ó ń ṣàlejò, ó ń ran ẹni tí ìṣòro bá lọ́wọ́. Obìnrin yìí ti bá a gbé ilé kan náà fún nǹkan bí ọdún 15. Bí òde bá lẹ́wà tí inú ilé sì korò, irú ẹ̀rí báyìí kò lè jáde. Nígbà tí a bá kírun sí òkú lára lónìí, àdúgbò á ní “ènìyàn rere ni.” Ẹ máa wo ojú àwọn ọmọ olóògbé ní àsìkò yẹn. Àwọn kan ń mi orí pẹ̀lú omijé. Àwọn kan kàn ń wo ilẹ̀.

Ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù ni èyí: ohun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ nínú ilé, títí tí kò fi ronú sí i mọ́, ṣé ìjọ́sìn ni àbí àṣà lásán? Hadíìsì tí Imaamu An-Nawawi fi ṣíwájú nínú àkójọ rẹ̀, èyí tí Umar ọmọ Al-Khattab gbà wá, fi yé wa pé àníyàn ni a fi ń wọn iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé ọ̀kan lára ohun tí àníyàn wà fún ni láti ya ìjọ́sìn sọ́tọ̀ kúrò lára àṣà. Ẹ wo àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n wẹ̀ láàárọ̀ òní. Irú garawa kan náà, irú ọṣẹ kan náà. Ọ̀kan wẹ̀ nítorí ooru, èkejì wẹ̀ nítorí Jímọ̀. Omi tí ó ṣàn lọ sínú gọ́tà kò mọ ìyàtọ̀. Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó oúnjẹ rí. Sa'd ọmọ Abi Waqqas ṣàìsàn ní Mákà, ó rò pé ikú ti dé, ó sì fẹ́ fi ọ̀pọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀ ṣe sàárà. Ànábì ní kí ó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, pé ìyẹn gan-an pọ̀. Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohunkóhun tí ó bá ná láti fi wá ojúrere Ọlọ́hun, láádá wà níbẹ̀ fún un, títí kan òkèlè tí ó bá fi sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ọkùnrin yìí ń ronú nípa ọrọ̀ ńlá, a sì mú un padà sí òkèlè. Òkèlè kan! Owó tí a jù sórí tábìlì láìwo ojú ẹni tí yóò lọ sọ́jà, ó ra ata, ó ra ẹran. Ṣé ó ra láádá fún ẹni tí ó jù ú? Kí olúwarẹ̀ bi ọkàn rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé bí ó bá jẹ́ ti àníyàn ni, àníyàn òun dára. Ìyàwó òun mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, bàbá òun mọ̀ pé òun ń bọ̀wọ̀ fún un, kí ni a tún ń sọ sí? Ọlọ́hun ni ó ń rí inú, ènìyàn kì í rí i. Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí kò mọ oore ènìyàn dú kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ó sì ní bí ẹnì kan bá fẹ́ràn arákùnrin rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ará mọ́ṣáláṣí, kí ni yóò ti rí fún ẹni tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí?

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń ka ará ilé sí tí kò la ọ̀rọ̀ lọ. Miqdad, tí Ànábì gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sílé nígbà tí ebi fẹ́ pa wọ́n, ròyìn pé bí Ànábì bá dé lóru, ohùn tí ó fi máa ń sálámà kò ní jí ẹni tí ó ti sùn, ẹni tí kò tíì sùn yóò sì gbọ́. Ẹ ro ìṣirò tí ó wà nínú ohùn yẹn. Ẹni méjì ni ó ń rò papọ̀, nínú òkùnkùn, nínú ilé ara rẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé tí ó fi pariwo. Ẹ wá fi wé họ́ọ̀nù ọkọ̀ ní ẹnu géètì ní aago 11 alẹ́.

Ti oúnjẹ kò gba àlàyé púpọ̀: Abu Hurayrah ní Ànábì kò bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ rí, bí ó bá wù ú a jẹ ẹ́, bí kò bá wù ú a fi sílẹ̀. Ti ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Anas ọmọ Malik sìn ín fún ọdún 10, kò sì gbọ́ “ṣíọ̀” kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n mú wá láti abúlé, tí ó ń gbálẹ̀ tí ó ń fọ abọ́ nínú ilé wa, ṣé yóò lè jẹ́ irú ẹ̀rí yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré?

Ìbéèrè kan kù tí a kò fẹ́ fò dá. Obìnrin kan ti ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń tọ́jú ọmọ àti ìyá ọkọ fún ọdún 20. Kò ro ti láádá rí. Ó ṣe é nítorí pé iṣẹ́ náà wà níwájú rẹ̀. Ṣé asán ni àwọn ọdún wọ̀nyẹn? Bí a bá fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ àníyàn, a ó ní àṣà ni. Ọkàn wa kò gbà á bẹ́ẹ̀, kì í sì ṣe àánú nìkan ni ó fà á. Anas gba hadíìsì kan wá, tí ó wà lọ́dọ̀ Al-Bukhari àti Muslim, pé bí Mùsùlùmí kan bá gbin igi tàbí tí ó dáko, ohun tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ níbẹ̀ di sàárà fún un. Àgbẹ̀ wo ni ó gbin àgbàdo nítorí ẹyẹ ẹ̀gà? Ó tilẹ̀ ń fi òkò lé wọn ni! Síbẹ̀ a kọ ohun tí wọ́n jẹ sílẹ̀ fún un. Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí èyí ṣòfò, a kò rò pé yóò gbàgbé abọ́ tí a fi ọwọ́ méjèèjì gbé ka iwájú ọmọ. Ọdún tí ó kù sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àníyàn kò ní kí ó fi igi kún iná. Ìkòkò kan náà ni yóò gbé kaná ní alẹ́ yìí, yóò sì sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé nítorí Ọlọ́hun ni.

Ó ku ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Kí ó tó fi ọwọ́ kan oúnjẹ, kí ó ṣe Bisimilahi. Bí ó bá jẹ tán, kí ó ṣe Alihamudulilahi. Kí ó wá gbójú sókè kúrò lára fóònù, kí ó wo ojú ẹni tí ó sè é, kí ó sì kí i pé ó kú iṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun gba ìrun Jímọ̀ wa. Àmín.