Ẹ̀rọ Wo La Ó Rà fún Ilé-Ìwé?

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan fẹ́ ra pátákó ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ bíi fóònù, fún ilé-ìwé ìjọba tí wọ́n ti jáde. Akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ìyá Olùkọ́ lọ, àwọn tí wọ́n kọ́ ọ ní bàọ́lọ́jì.

"Kíláàsì mélòó ni yóò kàn?"

"Ẹyọ kan, mà. Ibi tí owó wa mọ nìyẹn. Àbí ká ra tẹlifíṣọ̀n ńlá?"

Ìyá mirí. Ojú tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 55 kò ga tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹni tó bá jókòó jìnnà sí i ju mítà 4 lọ kò ní lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ kíláàsì wọn gùn tó mítà 9, iná kò sì dúró níbẹ̀.

"Mà, ọmọ olówó ti ń wo ọkàn ènìyàn bó ṣe ń lù lára ògiri kíláàsì. Ṣé ọmọ tálákà ni kó máa dúró de iná? Ká ní Baba Awólọ́wọ̀ ní kí iná kọ́kọ́ dé gbogbo ilé ni, tẹlifíṣọ̀n ì bá má bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959."

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1955 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Gbogbo ọmọ ló kọ́kọ́ wọlé."

"Ayé ìgbà yẹn kọ́ la wà, mà. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò JAMB wà."

"Wíwo ògiri kò kọ́ni ní kọ̀ǹpútà." Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkàn tó ń lù yẹn kò kúrò lọ́kàn Ìyá. "Ṣọ́ọ̀kì pupa àti búlúù ni mo fi ń ya ọkàn fún yín. Mo yà á yà á, n kò lè mú un lù. Ìyẹn ń dùn mí títí dòní."

Ìmọ̀ràn Ìyá ni pé kí ẹgbẹ́ ra pùròjẹ́kítọ̀ kan tó ṣeé gbé kiri, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára, nítorí oòrùn ojú fèrèsé máa ń pa àwòrán rẹ́. Kó jẹ́ oníléésà, èyí tó lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20,000. Gílóòbù ti àtijọ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́n. Kí wọ́n ra ínfátà àti bátìrì mọ́ ọn, kí wọ́n kun ògiri kan ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní funfun, kí wọ́n sì fi owó tó bá kù tún gbogbo pátákó dúdú kùn.

"Àṣà wa ni ká fi aṣọ bo ẹ̀bùn, ká pe kábíyèsí wá ṣí i, ká ya fọ́tò. Ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé."

"Bí gbogbo kíláàsì bá ń pín ẹ̀rọ kan, mà, ọmọ kan lè má rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀."

Ìyá gbà bẹ́ẹ̀. Ó kéré, ó sì ń kọ wọ́n lóminú. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún gbogbo ọmọ tẹ́ wọn lọ́rùn ju ojoojúmọ́ fún kíláàsì kan ṣoṣo lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó irú èyí lọ́wọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ jókòó sórí àga ìkẹyìn kíláàsì lọ́sàn-án gangan, kí ẹ wo ohun tí ojú yín lè kà.