Ṣé Orí Ọmọ Tí Ogun Lé Ló Burú?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa oníṣẹ̀ṣe tí kì í bá mi lára mu. Bí ogun bá tú ìlú kan, tí wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ lọ, ẹnìkan á mí kanlẹ̀, á ní: “Orí wọn ni. Àyànmọ́ ò gbóògùn.” Ó parí nìyẹn. Ṣé ó parí lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo inú Ògúndá Méjì. Ifá sọ níbẹ̀ nípa ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń bọ̀ láyé: Orísèékù ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dá lọ sílé Àjàlá, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà jẹ dànù. Afùwàpẹ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Awo dífá fún un, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó dání. Oníbodè fọ̀nà hàn án, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a ṣa orí rere.

Ṣé ẹ rí i? Afùwàpẹ́ ò dá nìkan yan orí rere. Àwọn èèyàn ló ràn án lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀bi àwọn méjì tó kù ni, torí wọn ò yà níbìkankan. Ó dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bàbá tí wọ́n lè yà kí. Ọmọ tó pàdánù ilé, òbí àti ilé-ìwé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn?

Àwọn ọ̀dọ́langba ló máa ń bọ́ sáàárín. Nínú àgọ́, ọmọ ọwọ́ ń rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àgbà lè sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni ọdún 10 sí 19, a ní ó tó ṣẹ́gi, ó tó lọ́kọ, ó tó gbé ìbọn, àmọ́ kò tó ẹni tí a ń bi pé kí lo fẹ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní ilé-ìwé Chibok, ní Borno. Gbogbo ayé sunkún. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin kan bọ́ lọ́wọ́ Boko Haram, tí wọ́n gbé ọmọ pọ̀n dé, àwọn ará ilé wọn kan ń pè wọ́n ní ìyàwó Boko Haram. Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́? Ẹgbẹ́ Civilian JTF tó ń gbèjà Maiduguri pàápàá ń lo ọmọdé, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2017 pé àwọn á jáwọ́.

Ká má sì rò pé ti ẹlòmíràn ni. Ogun ló lé àwọn tó tẹ Abẹ́òkúta dó. Ọ̀dọ́langba ni Àjàyí Crowther nígbà tí wọ́n kó Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Ẹ̀sìn tó ṣe kọ́ ni mò ń sọ o. Ẹni tó bá rí i lọ́jà ẹrú lọ́jọ́ náà á ní orí rẹ̀ burú. Àmọ́ ó rí ẹni gbà á sílẹ̀, ó rí ẹni kọ́ ọ níwèé ní Freetown, ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ò rí oníbodè kankan?

Iṣẹ́ oníbodè ò le láti mọ̀. Kọ orúkọ ọmọ náà àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kí o wá ẹbí rẹ̀ kàn. Má jẹ́ kí ọmọbìnrin dá lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. Ṣí ilé-ìwé, kódà lábẹ́ igi. Má fi í fọ́kọ torí ebi. Èyí tó kù, bi òun fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ orí tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó má fẹnu ba orí ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.